Awọ Àyálò àti Apá Bulúùsù

Ṣábẹ̀ẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí a jọ kẹ́,

Ijó la fi gba ìròyìn rẹ. Nígbà tí o pè pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Kutọnu, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó, bàbá rẹ dìde lórí àga, ó jó títí bàtà rẹ̀ kan fi já. Mo ní kó má dààmú, mo ti rán an. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gba iwájú ilé wa kọjá tí kò gbọ́. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà lọ sọ́jà, ẹni tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa. Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Ẹ káàárọ̀." Bàbá rẹ ní ó bá wa yọ̀ gidigidi.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Lórí fóònù, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gùn, o máa ń sọ pé, "Màámi, owó yín á tán o," èmi náà á sì gé ọ̀rọ̀ kúrú kíákíá. Bébà kì í ké pé owó tán. Ojú méjèèjì ni mo sì máa kọ.

O ní kí n rán bulúùsù funfun méjì fún ọ, kí apá wọn gùn dé ọrùn ọwọ́. Mo ra aṣọ náà, òwú gidi. Mo fọ̀ ọ́ kó lè súnkì tán kí n tó gé e, nítorí aṣọ tí kò bá súnkì lọ́wọ́ aránṣọ, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò súnkì sí. Mo ti gé ara, mo ti gé ọrùn, mo ti gé àpò mẹ́ta tí o ní o fẹ́. Nígbà tó kan apá, mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

O kò sọ ìdí tí o fi fẹ́ apá gígùn nínú ooru Kutọnu. O kò ní láti sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo bí apá ọ̀tún náà, èmi náà ni mo bá a sùn nílé ìwòsàn. Bàbá rẹ ní kí n kàn gé e gùn, pé èyí tó gùn ṣeé gé kúrú, èyí tó kúrú kò ṣeé fà gùn. Òótọ́ ni, ìṣirò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ ná. Àlùmọ́gàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, aṣọ apá náà sì tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

O kéré nígbà tó ṣẹlẹ̀, eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Nítorí náà, ohun tí o rántí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwa tí a dúró tì ọ́ rí kò sí nínú rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ fún ọ kí o mú lọ síbi iṣẹ́.

Ìwọ àti àwọn ọmọ àdúgbò ń sun kajú nínú agolo lẹ́yìn ilé. Epo inú èèpo rẹ̀ gba iná, ó ta, ó mú apá aṣọ rẹ. Kí bàbá rẹ tó gbé garawa omi dé, iná ti jó ọ láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ àyà díẹ̀. Omi tútù ló yẹ ká máa dà sí i, kó pẹ́ dáadáa. Ìwọ lo wá kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ yín. Lọ́jọ́ náà, aládùúgbò kan ní ẹyin tútù ló dára, mo da ẹyin sí i. Òmíràn ní ọṣẹ ìfọyín, mo fi kún un. Ẹ̀kẹta gbé epo pupa dé, n kò lé e padà.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ní ọgbẹ́ náà ju agbára àwọn lọ. Ọkọ̀ gbé wa gba ọ̀nà òkè lọ sí ibì kan tí àwọn dókítà àjèjì ti wá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin Kétu kan ló gbà wá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀nfimíyẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì bíi tìrẹ. Ìyá Kétu ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń pè é. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ṣí aṣọ tí mo fi bò ọ́, ó wo ẹyin, ó wo ọṣẹ ìfọyín, ó wo epo. Ó wá wò mí lójú.

"Ìyá ọmọ," ó ní, "ẹ gbàgbé iyọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín, inú ẹ̀rín náà ni mo ti bú sẹ́kún. Kò bá mi wí. Ó ní kí n wá di orí rẹ mú kí òun fọ ọ́ mọ́. Àjọkẹ́, èyí ni kí o kọ́kọ́ dì mú: bí ìyá kan bá gbé ọmọ wá tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti di ọbẹ̀, má ṣe pariwo mọ́ ọn. Ohun tó wà nílé ni ó fi sí i. Ẹni tí a bá dójú tì lẹ́nu ọ̀nà kì í sọ gbogbo òótọ́ mọ́ bó bá wọlé tán, ìwọ sì nílò gbogbo òótọ́ náà kí o tó lè tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ọ́, tí wọ́n ti gé èyí tó kú kúrò, dókítà àgbà wá sọ̀rọ̀ lédè Faransé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ mú nínú rẹ̀: gírẹ́ẹ̀fù. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láti Ofè dé Boni, ta ni kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń ṣe gírẹ́ẹ̀fù igi kajú? Yóò gé ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa, yóò la orí ọmọ igi mìíràn, yóò ki ẹ̀ka náà bọ inú rẹ̀, yóò fi ọ̀rá dì í. Bí ewé tuntun bá ti rú, àwọn méjèèjì ti di igi kan títí ayé.

"Ìyá Àjọkẹ́, fọkàn balẹ̀," ó ní. "Gírẹ́ẹ̀fù ni wọ́n fẹ́ ṣe. Gírẹ́ẹ̀fù! Èmi yìí lè kọ́ wọn."

"Ẹ̀ka kí ni wọ́n fẹ́ ki bọ ọmọ mi lápá?"

"Èyí tí kò yé mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n á mú. Gírẹ́ẹ̀fù tí a bá dì dáadáa kì í ṣaláì mú."

Ìyá Kétu gbé ìgò kan jáde nínú fíríìjì. Omi inú rẹ̀ nípọn, ó ń fà bí oyin tí kò ní àwọ̀. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí nǹkan funfun kan tó ká bí ọ̀já.

"Awọ ènìyàn ni," ó ní. "Ẹni tó ni ín ti kú. Kó tó kú ló ti sọ pé kí wọ́n mú un fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi í sínú omi yìí kó má bàa bàjẹ́."

Bàbá rẹ tẹjú mọ́ ìgò. "Ó mà funfun o. Ṣé ọmọ mi á wá di òyìnbó lápá kan ni? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

"Ẹ jẹ́ kó yè ná, bàbá. Ọkọ tó bá dé, apá méjèèjì ló máa gbé lọ."

Èmi ní tèmi, mo bi í léèrè èló ni wọ́n ń tà á, àti bóyá wọ́n lè gé èyí tó máa tó apá nìkan fún wa. Ó ní wọn kì í tà á. Ó ní fífún ni. Mo ní kó tún un sọ. Ìwọ mọ̀ mí, Àjọkẹ́. Ohun tí ẹ bá sọ iye rẹ̀ fún mi, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Ohun tí kò ní iye, n kò mọ ibi tí mo ti máa dì í mú.

Bàbá rẹ ló béèrè pé, "Ẹni náà mọ̀ wá bí?"

"Kò mọ̀ yín, bàbá. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ìlú kan ń jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́."

Wọ́n fi awọ náà bo apá rẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrora rẹ dín kù. O béèrè àkàrà. Ara rẹ tó ti ń gbóná balẹ̀, omi tó ń ṣàn jáde níbi ọgbẹ́ dáwọ́ dúró. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí wọ́n bá ti ń yí báńdéèjì, bàbá rẹ á bẹ̀rẹ̀, á wò, á mi orí.

"Kò tíì rú," á ní.

"Kí ni kò tíì rú, bàbá?" Ìyá Kétu béèrè.

"Ewé."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ibùsùn bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá arúgbó tí omi gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ bi ẹnìkan pé báwo ni ara, wọ́n á ní, "Ṣé ewé ti rú?"

Ewé kò rú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀, etí awọ náà pọ́n, ó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní òwúrọ̀ kan, èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé báńdéèjì jáde. Bàbá rẹ wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gírẹ́ẹ̀fù ti kú," ó ní. "Mo mọ òkú gírẹ́ẹ̀fù bí mo bá rí i. Ìyá Àjọkẹ́, ó ti kú."

Èmi kò jókòó. Mo ká ẹní, mo di ìkòkò, mo kó aṣọ rẹ sínú àpò. Ohun tí mo rò ni pé, bó bá jẹ́ pé kò ní sàn, kí a lọ sílé níbi tí a ti mọ èèyàn, tí iṣu wà lóko. Ó kù díẹ̀ kí n gbé ọ pọ̀n, Àjọkẹ́, pẹ̀lú apá tí kò ní awọ. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, o mọ̀ jù mí lọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ìyá Kétu bá mi níbi tí mo ti ń so ẹrù.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé. Gírẹ́ẹ̀fù yín ti kú."

"Ta ló ní kó yè?"

Mo tún fa okùn ẹrù náà le.

"Ìyá ọmọ, ẹ jókòó sórí ẹrù yín yẹn. Ẹ̀yin náà, bàbá, ẹ sún mọ́ bí. Ṣé ẹ ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà yín? Ara ènìyàn náà ní ọdẹ tirẹ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Wọ́n mọ gbogbo ọmọ ilé. Ohun tí wọn kò bá mọ̀ tó bá wọlé, wọ́n á bi í pé, 'Ọmọ ta ni ọ́?' Bí kò bá rí èsì fọ̀, wọ́n á lé e jáde. Nígbà tí iná jó ọmọ yìí, àwọn ọdẹ ara rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Àlejò wọlé, ọ̀pọ̀ wọn kò ní agbára láti bi í léèrè. Omi inú ìgò sì ti pa ohun tó wà láàyè nínú awọ náà, kò pariwo nígbà tó ń wọlé, ìyẹn náà jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fura. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ti ń jẹun, ó ti ń sùn. Àwọn ọdẹ ti dìde. Wọ́n ti rí àlejò."

"Ṣé àìsàn mìíràn ló wá dé yẹn?" mo béèrè.

"Agbára ni! Ara ọmọ yín ti ń mọ ara rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí àlejò fi sílẹ̀."

Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé etí awọ tó ń ṣí náà sókè. Lábẹ́ rẹ̀, ẹran tuntun ti kún, ó pọ́n, ó mọ́, ó ń dán bí inú ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Kò sí ọyún kankan.

"Bàbá, ẹ̀yin ni àgbẹ̀," ó ní. "Ilẹ̀ tí wọ́n ti ro rèé. Àwa kò gbin nǹkan kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ṣe la bo ilẹ̀ kí oòrùn má bàa jó o. Awọ ara rẹ̀ gan-an la fẹ́ gbìn síbẹ̀ báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ kò ti gbìn ín níbẹ̀rẹ̀?"

"Kò lókun nígbà náà, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́. Bí a bá gé itan rẹ̀ kí ó tó lókun, ọgbẹ́ méjì la máa ní, gírẹ́ẹ̀fù kankan ò sì ní mú."

Òwe kan tí ìyá mi máa ń pa nígbà tí mo bá yá aṣọ ọ̀rẹ́ mi wọ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì pa á níbẹ̀: aṣọ à-tọrọ-bora kì í bá ni mu, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni níbàdí, rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Ìyá Kétu pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n tún un pa kí òun lè máa fi sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi sì tú ẹrù.

Wọ́n mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà láti itan rẹ. Wọ́n fi í gba inú ẹ̀rọ kan tó ń gé e ní wẹ́wẹ́ láìjẹ́ kó já. Nígbà tí wọ́n fà á, awọ di àwọ̀n, èyí tó kéré wá fẹ̀ tó láti bo ibi ńlá! Ọmọ mi, mo ti ń ránṣọ kí n tó bí ọ, n kò rí irú ọgbọ́n ìgéṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí Ìyá Kétu bá mi bi dókítà bóyá ẹ̀rọ náà lè gba aṣọ òwú. Ó kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n lé òun níbi iṣẹ́.

Èyí mú. Àwọn ojú àwọ̀n náà ń dí díẹ̀díẹ̀, bàbá rẹ sì kígbe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ewé ti rú!" Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ẹsẹ̀ tó dára lu ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ti ń pe apá rẹ ní Rẹ́gírẹ́gí. O rò pé ó kàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Inú òwe yẹn ló ti yọ ọ́.

Ó dáa. Jẹ́ kí n kó ìmọ̀ràn tó kù jọ. N kò ní lè tò wọ́n dáadáa, bí wọ́n ṣe ń bọ́ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe máa kọ wọ́n.

Kí o tó sọ gírẹ́ẹ̀fù fún ẹnikẹ́ni tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, kọ́kọ́ bi í ohun tó gbọ́. Igi kajú ló gbọ́! Èyí tó ń mú títí ayé ló gbọ́. Bí awọ inú ìgò ni ẹ fẹ́ lò, sọ fún un kí o tó ṣí ìgò pé àlejò ni, pé yóò lọ, àti pé bó bá ń lọ kó má di ẹrù. Àlejò tí a mọ ọjọ́ ìlọ rẹ̀ kì í ba ilé nínú jẹ́ nígbà tó bá dìde.

Bó o bá sì rí i pé etí awọ ń pọ́n, má ṣe tìtorí ìtàn yìí sọ pé ọdẹ ni. Ó lè jẹ́ olè, kòkòrò tó ń ba ọgbẹ́ jẹ́. Pe àwọn tó jù ọ́ lọ kí wọ́n wò ó. Ìyá Kétu fúnra rẹ̀, kó tó bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti kọ́kọ́ pe dókítà wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́wóná. Ìwọ mọ̀ mí sí ẹni tí kì í ju òwú tó gùn ju ìka lọ nù, mo sì fẹ́ kí o jọ mí. Máa se oúnjẹ tìrẹ. Bí ọ̀nà kò bá jìn, fi ẹsẹ̀ rìn. Owó oṣù àkọ́kọ́, má fi ra ohunkóhun fún wa. Fi pamọ́, bàbá rẹ kò nílò aago. Ṣùgbọ́n níbi ọgbẹ́, má jọ mí o. Mo fọ báńdéèjì tí wọ́n ti lò, mo sá a sórí okùn kí a lè tún un lò. Ìyá Kétu ká a, ó sọ ọ́ sínú iná. "Ìyá ọmọ," ó ní, "ọbẹ̀ àná, ẹ gbé e fún ọkọ yín. Ọmọ yìí, ọ̀tun là ń fún un." Ọṣẹ, omi mímọ́, ìbọ̀wọ́: má ṣe ṣọ́ wọn lò láé.

Bàbá rẹ ń yọjú lórí èjìká mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé kí o má ṣe fẹ́ dókítà tí kò mọ igi kajú yàtọ̀ sí igi máńgòrò. Mo ti kọ ọ́. Kó lọ jókòó.

Ohun kan tún wà. Bàbá rẹ bi Ìyá Kétu nígbà náà pé, bí wọ́n bá tún mú awọ ẹni kan náà wá ńkọ́, níwọ̀n bí ara ti mọ̀ ọ́n? Ó ní mímọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n gan-an ni wàhálà. Ara kì í gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kejì, kíá ni yóò lé e jáde, kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, mo sì rò ó títí. Ẹni tó bò ọ́ láṣọ nígbà tí o wà níhòòhò, ara rẹ lé e, ó tún dì í sínú. Ara kò mọ ọpẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá ilé mọ̀, a kò lè bá a wí. Ọpẹ́, ènìyàn ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí igi kajú tó wà létí ọ̀nà oko wa ní Ofè fi ń jẹ́ Àlejò. Bàbá rẹ ló ṣe gírẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ní ọdún tí a dé láti ilé ìwòsàn. A kò mọ orúkọ ẹni náà, a kò mọ ìlú rẹ̀, a kò mọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. A kì í ta èso igi náà. Ẹni tó bá ń kọjá ló ń ṣa á. Èmi tí mo máa ń ka èso tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ gbogbo igi wa, n kò ka ti Àlejò rí. Nígbà tí a sọ ọ́ ní Àjọkẹ́, èmi, bàbá rẹ àti ìyá mi la kà mọ́ àwọn tí yóò jọ kẹ́ ọ. A kò mọ̀ pé ẹnìkan tí a kò ní rí láé wà nínú wọn.

Mo ti fi kajú Àlejò díẹ̀ sínú ẹrù yìí. Bàbá rẹ ló sun ún, òun nìkan, garawa omi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ apá.

Mo lè sọ pé apá gígùn ń fa ìdọ̀tí wọ inú ọgbẹ́. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wò ọ́ nínú ọkọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ nílé ẹ̀kọ́ girama, tí o fi wọ súwẹ́tà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ títí ọdún fi parí. N kò ní sọ pé kò dun ni.

Ohun tí mo rò ni obìnrin kan. N kò mọ̀ ọ́n, ìwọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Yóò wá, dájúdájú. Ọmọ rẹ̀ á wà lórí ibùsùn, awọ àyálò á máa ṣí kúrò lára rẹ̀, obìnrin náà á sì máa ká ẹní. Ìwọ á bá a sọ̀rọ̀ bí Ìyá Kétu ti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu nìkan ni Ìyá Kétu ní, Ọlọ́run ló ṣe é tí mo gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní apá kan tó lè nà sí mi lọ́jọ́ náà, apá tó ti rí iná, tó ti gba àlejò, tó ti lé e, tó sì wà níbẹ̀ báyìí tó ń di báńdéèjì fún ẹlòmíràn, ǹ bá ti tú ẹrù kí ó tó sọ̀rọ̀ kan. Ìwọ ní ẹnu, o sì ní apá. Rẹ́gírẹ́gí mọ ọ̀rọ̀ náà sọ jù ọ́ lọ.

Mo dìde báyìí, mo ti gé e. Apá kúkúrú ni, kò dé ìgúnpá.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ọdẹ ara rẹ. Ìwọ lo ń gbé apá náà kiri, ìwọ lo sì ni í. Nísàlẹ̀ ẹrù yìí, lábẹ́ kajú, wàá rí ìgékù mẹ́rin tí mo ti ká etí wọn: apá gígùn fún bulúùsù méjèèjì, abẹ́rẹ́ àti òwú wà pẹ̀lú wọn. Bí o bá dé ibẹ̀ tí ọkàn rẹ kò gbà, jókòó kí o rán wọn mọ́ ọn. N kò ní bínú. Bàbá rẹ ní òun náà kò ní bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bínú.

Bí ọkàn rẹ bá sì gbà, má jẹ́ kí aṣọ tó dára ṣòfò. Wọ́n tó ẹ̀wù ọmọdé kan, mo ti wọ̀n wọ́n. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi ìka tọ ojú àwọ̀n ara rẹ, tó pè ọ́ ní Dada, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀, tó sì bi ọ́ pé, "Dada, kí ló ṣe yín lápá?", òun ni mo fẹ́ rán an fún. Dá aṣọ náà padà, kí o sì wọn èjìká rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ìyá rẹ ni, pẹ̀lú bàbá rẹ tó ti wọ bàtà rẹ̀ padà.